Ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ìjọba, kí ló dé tí òbí ṣì ń sanwó?

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé tí àwọn ọmọ ń padà sí ilé-ìwé, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń gbérí. Òbí kan á gbé bébà tí ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀ síta fún aráyé rí: owó PTA (ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà), owó ìdánwò, owó káàdì èsì, ìgbálẹ̀ méjì, ọṣẹ, rímù bébà kan. Ẹnì kan á ní irọ́ ni, ilé-ìwé ìjọba kì í gbowó, òfin kà á léèwọ̀. Ẹlòmíràn á ní ta ló ti rí ọ̀fẹ́ rí ní Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Òfin wà, owó sì ń jáde lápò òbí.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ọmọ ẹni tó jẹ́ pé owó ìdánwò ọmọ kan ni owó ọbẹ̀ ilé fún ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sílé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igbá lórí tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, kó má sì padà sí kíláàsì mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Kí ni òfin pè ní ọ̀fẹ́ gan-an?

Òfin tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí wọ́n ń pè ní UBE Act, tí wọ́n ṣe ní 2004. Abala kejì rẹ̀ sọ pé kí gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó kan gbogbo ọmọ ní dandan, fún ọmọ tó bá tó púráímárì àti JSS. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn: mẹ́fà ní púráímárì, mẹ́ta ní JSS. Òfin náà ka jẹ́-lé-ó-sinmi mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í kà dé ni apá tí òfin ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nǹkan márùn-ún ló kà sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga pẹ̀lú tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ ọ̀sán wà nínú òfin. Aṣọ ilé-ìwé kò sí níbẹ̀. Bàtà kò sí níbẹ̀, owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí òbí bá ní òun ra aṣọ ilé-ìwé, kò tíì sọ pé ẹnikẹ́ni rú òfin. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí àìsí àga, tàbí tí wọ́n ní kó wá ra ìwé kíkà lọ́wọ́ tíṣà, ohun tí òfin ṣèlérí ni wọn kò tíì fún un.

Òfin kan náà ní ìyà nínú. Òbí tó bá kọ̀ láti fi ọmọ sílé-ìwé, ìbáwí ni wọ́n á fún un lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn 2,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bó bá tún ṣe é, 5,000 náírà, tàbí oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ ní ìlòdì sí òfin náà ní ìtanràn tirẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju 10,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Iye owó 2004 nìwọ̀nyí, nígbà tí 2,000 náírà ṣì lè ra odidi nǹkan.

Òfin náà dúró sí JSS 3. Ọmọ tó bá wọ SS1 ti jáde lábẹ́ rẹ̀. Látibẹ̀ lọ, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà bóyá kó gbowó tàbí kó má gbà, àti bóyá kó san owó ìdánwò WAEC fún àwọn ọmọ bí Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti ń jábọ́, nítorí owó WAEC nìkan ti kọjá 25,000 náírà.

Ṣebí Awólọ́wọ̀ ti ṣe é ní ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀?

Ó ṣe é, ṣùgbọ́n púráímárì nìkan ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, pẹ̀lú S. O. Awokoya gẹ́gẹ́ bí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìgba owó. Ọmọ 456,600 ló wà nílé-ìwé ní 1954. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n di 811,432. Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ló dùn sí i nígbà náà, nítorí owó orí ni wọ́n fi gbé e ró, owó orí ọ̀hún sì wà lára ohun tó mú kí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fìdí rẹmi níwájú NCNC nínú ìbò àpapọ̀ 1954 nílé ara wọn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò fìgbà kan jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Owó orí gbogbo ìlú ni wọ́n fi san án.

Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ sọ púráímárì di ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn 1979, àwọn gómìnà UPN, bíi Jákàńdè l'Ékòó, Bọ́lá Ìgè l'Ọ́yọ̀ọ́, Ajásin l'Óndó àti Ọnàbánjọ l'Ógùn, mú un dé ilé-ìwé gírámà. Èyí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà rántí tí wọ́n fi ń sọ pé "ọ̀fẹ́ pátápátá ni". UBE tí wọ́n kéde ní 1999 ló rọ́pò gbogbo rẹ̀, ìyẹn náà sì dúró fún ọdún márùn-ún kí ó tó di òfin.

Bí ìjọba kò bá ṣe é, ṣé a lè gbé e lọ sílé-ẹjọ́?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ní abala 18 pé ìjọba yóò pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ká a. Abala yìí sì wà ní Orí Kejì, tí abala 6 ti sọ pé ilé-ẹjọ́ kò lè fi múni. Ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba fi ń gba ara wọn sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ nìyí.

Ẹjọ́ méjì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP pè ta ko ìjọba àpapọ̀ àti UBEC, àjọ tó ń pín owó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, lórí owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe báṣubàṣu. Ilé-ẹjọ́ náà ní ẹ̀tọ́ ọmọ ni ẹ̀kọ́, ó ṣeé béèrè lọ́wọ́ ìjọba, àti pé kí ìjọba wá owó dí àlàfo tí olè dá sílẹ̀, kí ọmọ má baà jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní 2017, Adájọ́ John Tsoho ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dá ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò LEDAP pè. Ó ní òótọ́ ni pé Orí Kejì kò ṣeé fi múni, ṣùgbọ́n bí ilé aṣòfin ti wá ṣe UBE Act, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti púráímárì dé JSS ti di ẹ̀tọ́ tí ilé-ẹjọ́ lè fi ọwọ́ sí. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé àdéhùn ẹnu lásán ni, ọ̀rọ̀ ṣáájú 2004 ló ń sọ.

Ta ló yẹ kó mú owó wá?

Ọwọ́ mẹ́ta ni, ọ̀nà tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà san tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ yọ ìdá 2 nínú 100 láti inú àpò owó gbogboogbò rẹ̀, kó fi sọ́wọ́ àjọ UBEC. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pín dọ́gba-dọ́gba fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Dọ́gba níbí, dọ́gba gan-an ni: iye tó kan Èkìtì náà ló kan Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ọmọ wọn kò sún mọ́ra. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tirẹ̀, SUBEB, tó ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tó ń gba tíṣà, tó sì ń ṣe àbójútó. Ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù àwọn tíṣà púráímárì ti ń jáde, láti inú owó tó ń ti Àbújá wá.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Owó UBEC kò wà fún owó oṣù. Ilé kíkọ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún tíṣà. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ilé tuntun aláràbarà tí wọ́n kun ní ọ̀dà, tó jẹ́ pé tíṣà mẹ́ta ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí owó fi ń dùbúlẹ̀ ní UBEC tí ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀?

Òfin ní ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó yìí gbọ́dọ̀ fi iye tó bá a dọ́gba tì í. Bí UBEC bá fẹ́ fún un ní bílíọ̀nù kan, kí ìpínlẹ̀ náà ti kó bílíọ̀nù kan tirẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì. Lẹ́yìn èyí, yóò kọ ètò iṣẹ́ síwájú UBEC: ilé-ìwé wo, yàrá mélòó, àga mélòó, iye kọ̀ọ̀kan. UBEC á yẹ̀ ẹ́ wò, á fọwọ́ sí i. Bí ìpínlẹ̀ kò bá tíì ṣe ìṣirò owó tó gbà ṣáájú, tí iṣẹ́ ìṣáájú kò tíì parí, owó tuntun kò ní jáde.

Níbi àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni nǹkan ti ń dúró. Gómìnà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ń fún lọ́rùn kò ní fẹ́ fi owó pamọ́ sí báńkì fún oṣù mélòó kan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti yá owó ní báńkì láti fi han UBEC, wọ́n gba ìpín ti UBEC tán, wọ́n sì dá owó tí wọ́n yá padà. Iṣẹ́ tó yẹ kí àpapọ̀ owó méjì ṣe wá di ìdajì: yàrá mẹ́fà di mẹ́ta, tàbí kí òrùlé má sí. Ibòmíràn, ìwé ètò iṣẹ́ ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín SUBEB àti UBEC títí ọdún á fi yí, tí owó sìmẹ́ńtì àti páànù á sì ti ju ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní ìdajì owó iṣẹ́ tí òfin ní kí àwọn mú wá yìí ti wúwo jù, ó ń fìyà jẹ ìpínlẹ̀ tí kò lówó, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ọmọ tí kò sí nílé-ìwé pọ̀ sí. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n gbé àbá wá sílé aṣòfin pé kí wọ́n dín in kù. Àwọn tó ń ṣọ́ owó ìlú ní bí wọ́n bá yọ ìdajì kúrò, gómìnà kò ní fi kọ́bọ̀ tirẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ mọ́, owó tí kò bá ní ìpín tirẹ̀ nínú kò sì ní dùn ún bó bá ṣòfò. Ti UBEC ni pé ohun tí òfin sọ ni òun ń tẹ̀lé, àwọn aṣòfin ló lè yí i padà.

Kí ni ìdájọ́ lórí ìjọba ìbílẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú tíṣà ọmọ mi?

Ó ní púpọ̀ í ṣe. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Àwọn tíṣà ni kò lè yọ̀ tán, nítorí wọ́n ní ìrántí. Ní 1991, ìjọba ológun fi púráímárì lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Owó oṣù dáwọ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ibi, ìyanṣẹ́lódì sì tì ilé-ìwé pa, títí tí wọ́n fi ní láti dá àjọ púráímárì ti ìjọba àpapọ̀ padà ní 1993, kí wọ́n lè máa yọ owó oṣù kúrò láti orísun.

Ohun tí ẹgbẹ́ tíṣà, NUT, ti ń sọ láti ìgbà náà ni pé ẹnikẹ́ni tó wù kó mú owó ìjọba ìbílẹ̀ dání, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó oṣù tíṣà kúrò kí ìyókù tó dé ọwọ́ alága. Àwọn tó ń jà fún òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ ní bí a bá tún yọ owó láti òkè, òmìnira wo ló kù? Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni Àbújá, níbi tí kò ti sí gómìnà láàárín. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ibẹ̀ ló ń san owó tíṣà púráímárì. Ní 2025, tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà, tí wọn kò san, àti àjẹsílẹ̀ mìíràn. Ilé-ìwé púráímárì ìjọba wà ní títì pa fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta. Ọmọ ẹni tó lówó ń lọ sí ilé-ìwé tirẹ̀ lójoojúmọ́ ní àsìkò kan náà.

Níbo wá ni owó tí òbí ń san ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. Ó nílò ṣọ́ọ̀kì, rẹ́jísítà, ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́, bébà ìdánwò, ìgbálẹ̀, omi, kọ́kọ́rọ́ tuntun fún ilẹ̀kùn tó bàjẹ́, àti owó olùṣọ́ òru kí àwọn jàǹdùkú má baà tú páànù. Owó tó yẹ kó máa dé láti òkè fún irú nǹkan wọ̀nyí kéré, ó máa ń pẹ́, ibòmíràn kì í dé rárá. Òun náà kò sì lè ní kí ìdánwò má wáyé. Bó ṣe di lẹ́fì nìyẹn.

Èyí tó tóbi jù ni tíṣà PTA. Bí tíṣà márùn-ún bá fẹ̀yìn tì ní ilé-ìwé kan tí SUBEB kò gba ẹlòmíràn fún ọdún mélòó kan, àwọn òbí ló ń kówó jọ gba ọ̀dọ́ tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà, tàbí tí kò tilẹ̀ ní, kó lè wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìlànà ìjọba ní ọmọ 35 fún tíṣà kan ní púráímárì, 25 ní jẹ́-lé-ó-sinmi. Kíláàsì tó ní 90 ọmọ kì í ṣe ohun àjèjì ní àwọn ìlú ńlá. Àgùnbánirọ̀ a máa dí àlàfo díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti lo ọdún kan, ó ti lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo lẹ́fì ni jìbìtì. Òmíràn jẹ́ jìbìtì: ìwé tí tíṣà ń tà ní dandan, ẹ̀kọ́ àfikún (lẹ́sìn) tí wọ́n ti sọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ní kíláàsì di ohun tí ẹni tó sanwó nìkan ń gbọ́, owó ìgbaniwọlé tí kò ní rìsíìtì. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni rìsíìtì, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti bóyá wọ́n ń lé ọmọ tí kò rí i san.

Ọmọ mélòó ni kò sí nílé-ìwé: mílíọ̀nù 10, 18 àbí 20?

Ohun tí wọ́n kà ló yàtọ̀. Mílíọ̀nù 10.5 jẹ́ iye tí UNICEF ń lò tẹ́lẹ̀ fún ọmọ ọdún 5 sí 14. Ní 2024, UNICEF ní mílíọ̀nù 10.2 ló wà ní ọjọ́ orí púráímárì, mílíọ̀nù 8.1 ní ọjọ́ orí JSS, àpapọ̀ mílíọ̀nù 18.3. UNESCO ní 2022 ka ọmọ ọdún 6 títí dé 18, tó fi kan àwọn tó yẹ kó wà ní SS, ó sì di nǹkan bíi mílíọ̀nù 20. Ẹni tó bá fi 10.5 wé 20 tó ní iye náà ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mélòó kan, ohun méjì tó yàtọ̀ síra ló fi wéra.

Iye mìíràn tó ń da ènìyàn rú ni 26%. Wọ́n ní UNESCO ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ìdá 26 nínú 100 ìṣúná rẹ̀ sí ẹ̀kọ́. Ohun tí àdéhùn àgbáyé tí UNESCO ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní 2015 sọ ni 15 sí 20 nínú 100 owó tí ìjọba ń ná. Nàìjíríà kò tíì sún mọ́ èyí náà: ìpín ẹ̀kọ́ nínú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ lẹ́nu ọdún mẹ́ta mẹ́rin yìí kò dé 10.

Ọmọ wà ní kíláàsì, kí ló dé tí kò lè kàwé?

Ibi yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. UNICEF ní ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin láti ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn kó yé wọn, tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò kékeré. Púpọ̀ nínú wọn wà nílé-ìwé. A fi ilé-ìwé fún wọn, a kò fi ẹ̀kọ́ fún wọn.

Ìdí kan ni pé tíṣà gbọ́dọ̀ parí ohun tí ìwé ìlànà kọ fún kíláàsì náà. Ọmọ tó dé púráímárì 4 láìmọ álífábẹ́ẹ̀tì kò rí ẹni padà sẹ́yìn mú un. Ọ̀nà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, tí wọ́n sì ti ń dán wò ní Áfíríkà, ni pé kí wọ́n pín ọmọ nípa ohun tó lè kà, kì í ṣe nípa kíláàsì. Wọ́n á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á gbé lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú àti ìtàn kékeré síwájú rẹ̀, wọ́n á wo ibi tí yóò dúró sí. Fún wákàtí kan sí méjì lóòjọ́, ọmọ púráímárì 3, 4 àti 5 tó dúró sórí lẹ́tà á jókòó pa pọ̀, àwọn tó dúró sórí ọ̀rọ̀ á wà níbòmíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún dán wọn wò, ẹni tó bá ti gòkè á ṣí kúrò. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ kí wọ́n má ṣe ìkejì, tàbí kí tíṣà tó dára jù máa kọ́ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n kà.

Ìdí kejì ni èdè. Ọmọ ọlọ́rọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé kó tó dé kíláàsì. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ ní láti mọ ohun tí tíṣà ń wí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní púráímárì. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà Tunji Alausa kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Ó ní ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí púpọ̀ ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Àwọn onímọ̀ èdè dá a lóhùn pé ìlànà náà kò tíì rí ìwé àti tíṣà tó fi lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti pé ọmọ tó ṣe WAEC lásìkò yẹn ti kúrò ní púráímárì kí ìlànà náà tó wáyé.

Oúnjẹ ọ̀sán tó wà nínú òfin ńkọ́?

Ọ̀ṣun ti ń bọ́ ọmọ ilé-ìwé kí ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016 fún púráímárì 1 sí 3. 70 náírà lórí ọmọ kan lóòjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹyin kan ti ju iye yẹn lọ, ohun tí ìyá alásè ń ṣe ni kó dín ìrẹsì kù, kó yọ ẹyin kúrò, tàbí kó má sè ní ọjọ́ míì. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n dá ètò náà dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànlọ́wọ́ mìíràn nítorí ìwádìí owó. Iye ọmọ tó ń wá sílé-ìwé a máa lọ sókè níbi tí oúnjẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, a sì máa wálẹ̀ níbi tó bá ti dúró. Ọmọ tí ebi ń pa dé kíláàsì, ohun tí wọ́n ń kọ́ kì í yé e.

Kí ló dé tí tálákà fi ń fi ọmọ sí ilé-ìwé aládàáni?

Lọ́dún 2010 sí 2011, nígbà tí wọ́n ka ilé-ìwé aládàáni l'Ékòó, wọ́n rí ohun tó lé ní 12,000. Púráímárì ìjọba níbẹ̀ kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Èyí tó pọ̀ nínú 12,000 yìí kì í ṣe ti olówó. Yàrá mẹ́ta lẹ́yìn ilé, pákó àti páànù, ní Ajégúnlẹ̀ tàbí Mákòókò, tó ń gbowó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sún mọ́lé, ọmọ kò ní sọdá títì ọlọ́kọ̀. Kì í daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń dúró de ìyá títí yóò fi ti ọjà dé. Àwọn kan ní kí ìjọba ran irú ilé-ìwé yìí lọ́wọ́ nítorí òun ló wà níbi tí ọmọ wà. Àwọn mìíràn ní gbogbo náírà tó bá lọ síbẹ̀ ti kúrò lórí ilé-ìwé ìjọba, àti pé tíṣà ibẹ̀ kò gba ẹ̀kọ́ ìkọ́ni.

Wọ́n lé ọmọ mi sílé nítorí owó. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n kọ owó náà sílẹ̀: iye, ohun tó wà fún, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní SUBEB ni, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín. Bí wọ́n bá ní PTA ni, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò. UBE Act kò sọ níbì kankan pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò san owó PTA lè pàdánù kíláàsì. Bí ẹ bá san ohunkóhun, ẹ gba rìsíìtì.

Lẹ́yìn ọ̀gá àgbà, SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé, ló kàn, èyí tó ní òbí, tíṣà, àwọn tó jáde nílé-ìwé náà àti aṣojú àdúgbò nínú. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, lẹ́yìn náà sí SUBEB. Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé, kíláàsì, ọjọ́ tí wọ́n lé ọmọ, iye owó. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé wọ́n á fojú sí ọmọ wọn lára, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ẹ lọ ní márùn-ún mẹ́wàá, kí ẹ sì fọwọ́ sí lẹ́tà kan náà. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, Public Complaints Commission, kì í gbowó. Ìgbìmọ̀ Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lágbára àtigba agbẹjọ́rò.

Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì sí ara ẹ̀dà tiyín ní ọ́fíìsì tí ẹ fi í sílẹ̀ sí. Kí ọmọ sì máa lọ sílé-ìwé títí ẹ ó fi rí èsì. Bí wọ́n bá tún dá a padà, ẹ kọ ọjọ́ náà kún un.